Kòkòrò Inú Kòkòrò: Ẹ Jẹ́ Kí Dóńgóyárò Sinmi

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe wá ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, kó má wulẹ̀ wo èsì ìdánwò wa. Kó lọ dúró níwájú pátákó ìkéde lọ́jọ́ tí wọ́n bá lẹ àkọlé próójẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ ọdún àṣekágbá mọ́ ọn. Ipa ewé dóńgóyárò lórí Staphylococcus aureus. Ipa ewúro lórí Escherichia coli. Ipa èèpo máńgòrò lórí bakitéríà inú egbò. Bakitéríà tó wà lára owó náírà. Bakitéríà tó wà lára ọwọ́ ilẹ̀kùn họ́sítẹ́ẹ̀lì. Bakitéríà inú píọ́ wọ́tà tí wọ́n ń tà lọ́jà báyìí-báyìí. Ẹ pààrọ̀ orúkọ ewé, ẹ pààrọ̀ orúkọ ọjà, ẹ ti ní àkọlé ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ṣì lè fi Chapter Two wọn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, yóò sì bá tiwa mu régí. Wọ́n ń fi ránṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ ká má ṣe bí ẹni pé a ò mọ̀.

Mi ò bá ewé jà o. Ewé ń ṣiṣẹ́. Àwọn baba wa ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dá yunifásítì sílẹ̀ níbí. Èrò kan ṣoṣo tó sápamọ́ sábẹ́ gbogbo àkọlé wọ̀nyí ni mò ń bá jà: pé ọ̀tá ni bakitéríà, pé iṣẹ́ tiwa ni ká wá ohun tó máa pa á, ká sì fi rúlà wọn bí ojú ibi tó ti kú ṣe fẹ̀ tó. Èdè wa pàápàá ti dá a lẹ́bi kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò àrùn là ń pè é. Èyí tó ń fò lójú wa, kòkòrò ni. Èyí tí ojú ò rí, kòkòrò náà ni, a kàn wá so àrùn mọ́ ọn lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ èyí tó pọ̀ jù lọ nínú bakitéríà ayé ni kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú àìsàn ọmọ ènìyàn. Wọ́n wà nídìí iṣẹ́ wọn. Àwa la ò wo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe.

Ibi tí mo fẹ́ ká ti lọ wò ó kò jìnnà. Ẹni tó bá ti gba orí afárá Third Mainland kọjá ti rí Oko Bàbá ní Èbúté-Mẹ́ta, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀: ibi tí èéfín ìyẹ̀fun pákó ti ń rú sójú ọ̀sà, tí gẹdú so kọ́ra lórí omi bí ẹní. Tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n ti ń fi omi ọ̀sà gbé gẹdú wá síbẹ̀ láti ìhà Oǹdó, Ògùn àti Ẹdó: arère, afárá, ọ̀gànwó, ìrókò. Ìjọba Èkó ti ní kí àwọn onísọ́ọ̀mílù kó lọ sí Àgbọ̀wá. Ẹni tó bá fẹ́ tẹsẹ̀ rìn láti Yábà lọ bá gẹdú, kó yára. Ṣùgbọ́n bí gẹdú bá tilẹ̀ lọ, pákó ò ní lọ. Ọjà Àmù ní Múṣin kún fún un.

Ẹ bó èèpo gẹdú arère tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ẹ ó rí ihò wẹ́wẹ́, tí kò ju orí báírò lọ, àwọn mìíràn ò tó bẹ́ẹ̀. Kòkòrò tó gbẹ́ wọn kò gùn ju hóró ìrẹsì lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ò tó ìdajì rẹ̀. Àwọn kan ń gbé abẹ́ èèpo lásán, wọ́n ń ya ọ̀nà síbẹ̀ bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ kọ̀wé. Àwọn mìíràn wọ inú igi lọ tààrà. Mọ̀lẹ́bí kan náà ni gbogbo wọn, wọ́n sì tan mọ́ kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo nínú àpò. Ó lé ní 6,000 irú wọn tí àwọn onímọ̀ ti sọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n ní kòkòrò abẹ́ èèpo, kó lè yá wa.

Ìbéèrè tó yẹ kó gba oorun lójú ọmọ sáyẹ́ǹsì nìyí: kí ni wọ́n ń jẹ? Igi kì í ṣe oúnjẹ. Okùn líle tí ikùn ẹranko púpọ̀ ò lè tú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Náítrójìn tí ara fi ń kọ́ ẹran kò tó nǹkan níbẹ̀. Igi fúnra rẹ̀ kò sì jókòó kí wọ́n wá jẹ òun. Ó ní oje, ó ní májèlé. Kòkòrò tó kéré tó báyìí, tó dá nìkan wọ inú irú ilé bẹ́ẹ̀, ebi tàbí májèlé ni yóò pa á. Kò dá nìkan wọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ ló kó wọlé.

Fọ́ńgọ́sì ni gbogbo ìwé kọ́kọ́ máa ń dárúkọ nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹbí olú àti ohun tó ń mú búrẹ́dì bu. Àwọn kòkòrò tó ń wọ inú igi lọ máa ń gbé irúgbìn fọ́ńgọ́sì sínú àpò kékeré lára wọn, wọ́n á gbìn ín sára ògiri ihò, wọ́n á sì máa jẹ ohun tó bá hù. Àgbẹ̀ ni wọ́n, láìṣe àwàdà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún lọ́nà mẹ́wàá péré ni ọmọ ènìyàn ti ń dáko. Tiwọn ti tó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Ìtàn fọ́ńgọ́sì yìí dùn, àwọn olùkọ́ kan máa ń fi dá wa lára yá. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń pa ìwé dé, bẹ́ẹ̀ oko wo ló wà láìsí èpò? Ta ló ń ro oko yẹn?

Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìdáhùn kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Kòkòrò abẹ́ èèpo kan tó ń pa igi páìnì ní gúúsù orílẹ̀-èdè wọn, Dendroctonus frontalis, ní fọ́ńgọ́sì tó fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó tún ní fọ́ńgọ́sì mìíràn tó máa ń ya wọ oko náà, tó ń lé èyí tó dára jáde. Bakitéríà kan láti ìdílé Streptomyces ń gbé lára kòkòrò yìí àti nínú ihò rẹ̀, ó ń ṣe oògùn kan tí wọ́n sọ ní mycangimycin. Oògùn náà ń tẹ fọ́ńgọ́sì ayanilẹ́ mọ́lẹ̀, kì í sì í ṣe fọ́ńgọ́sì tí wọ́n gbìn ní bẹ́ẹ̀. Ẹ ronú sí i. Bakitéríà tó mọ èpò yàtọ̀ sí ohun ọ̀gbìn.

Bí ìyẹn bá dà bí ọ̀rọ̀ ìlú òyìnbó, ẹ gbọ́ èyí. Xyleborus affinis jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò àgbẹ̀ tó wà káàkiri ilẹ̀ olóoru ayé, tiwa náà kò gbẹ́yìn. Ní ọdún 2020 wọ́n kéde pé Streptomyces tó wà pẹ̀lú rẹ̀ àti pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan ń ṣe cycloheximide. Ẹni tó bá ti ṣe láàbù rí mọ orúkọ yẹn. Òun la máa ń dà sínú ágà kí fọ́ńgọ́sì má bàa hù lórí àwo wa. Ohun tí a ń fi owó rà nínú ìgò, kòkòrò tó kéré ju ìrẹsì lọ ní ẹni tó ń sè é fún un nílé.

Oko nìkan kọ́ ni iṣẹ́ wọn. Ní Mẹ́síkò, àwọn olùwádìí rí bakitéríà tó ń jẹ́ Rahnella aquatilis nínú ìfun kòkòrò abẹ́ èèpo, wọ́n sì fi hàn pé ó lè fa náítrójìn láti inú afẹ́fẹ́. Gbogbo wa ló há ti gbòǹgbò ẹ̀wà sórí fún WAEC, pé bakitéríà tó wà nínú kókó rẹ̀ ló ń fún un ní náítrójìn. Èyí náà ni, inú ìfun ló kàn wà. Ní ìwọ̀-oòrùn Kánádà, Dendroctonus ponderosae ti ba igbó páìnì jẹ́ lórí ilẹ̀ tó tó mílíọ̀nù hẹ́kítà 18 ní ìpínlẹ̀ British Columbia, bẹ̀rẹ̀ láti àwọn ọdún 1990. Nígbà tí wọ́n ka jíìnì àwọn bakitéríà tó ń bá a gbé, wọ́n bá ọ̀pọ̀ jíìnì tó wà fún títú oje májèlé igi náà palẹ̀. Mi ò sọ pé bakitéríà nìkan ló pa igbó yẹn o. Òtútù tí kò mú tó bẹ́ẹ̀ mọ́ wà níbẹ̀, ọ̀gbẹlẹ̀ wà níbẹ̀, kòkòrò fúnra rẹ̀ náà ní ohun ìjà tirẹ̀. Mo kàn ń sọ pé ẹni tó ka ìwà ọ̀daràn náà láìka orúkọ ẹni tó ń tú májèlé kò tíì ka ìwé náà tán.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé wàyí. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe TDB, tí ẹ ń sáré lọ bá Mallam onítíì láago méjì òru pé kó po kọfí tó nípọn, kí ojú lè là títí ilẹ̀ á fi mọ́: ohun tí ẹ ń mu yẹn, májèlé ni. Igi kọfí ò ṣe kaféènì nítorí ìdánwò yín. Ohun tó fi ń gbèjà ara rẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò ni. Ó sì ń ṣiṣẹ́, nítorí kòkòrò tó lè fi hóró kọfí ṣe ilé àti oúnjẹ láti ìgbà èwe títí di àgbà kò wọ́pọ̀ rárá. Ọ̀kan tó lókìkí jù ni Hypothenemus hampei. Inú èso ló ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ ìdílé kòkòrò abẹ́ èèpo ni. Ọmọ Áfíríkà ni pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí kọfí fúnra rẹ̀. Inú hóró kọfí tí wọ́n kó lọ tà ní Yúróòpù ni Ferrari ti rí i tó fi sọ ọ́ lórúkọ ní ọdún 1867. Ní Gàbọ́ọ̀nù ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i lórí oko, ní ọdún 1901. Láti ibẹ̀ ó bá òwò lọ sí gbogbo ayé. Ó dé Hawaii ní ọdún 2010. Ìyá á lu èso, á wọlé, á yé ẹyin. Àwọn ọmọ á máa jẹ hóró láti inú. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò á gun ara wọn níbẹ̀, nítorí akọ wọn ò lè fò. Ìgbà tí àwọn obìnrin bá jáde, wọ́n ti lóyún. Ilé náà burú, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́ fún wọn.

Báwo ló ṣe ń jẹ májèlé yẹn láìkú? Ní ọdún 2015, nínú ìwé ìròyìn Nature Communications, àwọn olùwádìí tí iṣẹ́ wọn dá lórí California fi ìdáhùn hàn. Wọ́n fún kòkòrò náà ní oúnjẹ tí wọ́n po oògùn apabakitéríà mọ́. Kaféènì tó máa ń pòórá nínú ìfun rẹ̀ wá ń bọ́ sílẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀ bó ṣe wọlé. Ẹyin àti ìdin rẹ̀ dín kù jọjọ. Wọ́n wá dá bakitéríà kan padà sínú rẹ̀, Pseudomonas fulva, tó ní jíìnì tí wọ́n ń pè ní ndmA, kaféènì sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Ṣùgbọ́n ìbímọ ò padà. Apá yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò padà, wọn ò fi pa mọ́. Ó túmọ̀ sí pé àwọn bakitéríà mìíràn ṣì wà nínú ìfun yẹn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ ọmọ bíbí, tàbí ohun mìíràn tó yẹ kí ẹnìkan lọ wò.

Ta ni yóò lọ wò ó? Kòkòrò Áfíríkà, kọfí Áfíríkà, ìwádìí California. Kọfí wà ní àyíká Kàbà, lọ́dọ̀ àwọn ará wa Òkun. Ilé ìwádìí kòkó, CRIN, ti wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ ní Ìbàdàn láti ọdún 1964, kọfí sì wà nínú iṣẹ́ tí ìjọba gbé lé e lọ́wọ́. Ọkọ̀ kan péré ló gbé èèyàn débẹ̀ láti Èkó. Ṣùgbọ́n àwa ń fọ ọwọ́ ilẹ̀kùn họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó jù mí lọ. Àkọ́kọ́: kí ni èyí máa ṣe fún mẹ̀kúnnù? Ewé lè di oògùn, kòkòrò inú igi kò lè di nǹkan kan.

Ẹ wo oògùn ná. Ní ọdún 1943 ni Schatz àti Waksman rí streptomycin, oògùn àkọ́kọ́ tó ṣẹ́gun ikọ́ ẹ̀gbẹ, láti ara Streptomyces inú ilẹ̀. Ìdílé kan náà tó ń ro oko fún kòkòrò yẹn ni. Ẹni tó bá fẹ́ oògùn tuntun ní àsìkò tí bakitéríà ti ń fi oògùn àtijọ́ ṣẹ̀sín, ṣé ibi tí ogun oògùn ti ń lọ láti ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún kọ́ ló yẹ kó lọ? Àti pé, mélòó nínú ojú ibi tí a fi rúlà wọ̀n lórí àwo ló ti kúrò lórí àwo? A kọ ọ́, a dì í ní ìwé aláwọ̀ dúdú, a gbé e fún ilé ìkàwé. Ó parí.

Ẹ wá wo mẹ̀kúnnù fúnra rẹ̀. Ẹ lọ bá káfíńtà tó ń ra pákó arère ní Àmù, tàbí ẹni tó ń kan bẹ́ẹ̀dì ní etí ọ̀nà Ìtirẹ̀. Tó bá rí ihò lára pákó, oògùn apakòkòrò ló máa rà, tàbí kó da bẹntiróò sí i, ihò yòówù kó jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ihò méjì ló wà. Èyí tó mọ́ nínú, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúdú, tí ìyẹ̀fun kankan ò jáde níbẹ̀, ilé àgbẹ̀ ni. Fọ́ńgọ́sì ló kun ògiri rẹ̀ ní dúdú, nígbà tí igi ṣì tutù. Pákó ti gbẹ báyìí, fọ́ńgọ́sì ò lè hù mọ́, oko ti run, àgbẹ̀ ti ṣí lọ tàbí ó ti kú. Náírà tí káfíńtà fi ra oògùn, ilé òfo ló fọ́n ọn sí. Májèlé yẹn sì kù nínú yàrá tí ọmọ ọwọ́ máa sùn. NAFDAC tilẹ̀ ti fòfin de títa ìgò kékeré dichlorvos láti ọdún 2019, àwọn ènìyàn ṣì ń wá a kiri nítorí ihò tí kò sẹ́ni níbẹ̀.

Ihò kejì ni ti ìyẹ̀fun, èyí tó ń dà sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lálaalẹ́. Kòkòrò mìíràn ló ni ín, kì í ṣe mọ̀lẹ́bí ti abẹ́ èèpo, Lyctus àti àwọn ẹbí rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn arère gbígbẹ, ibi funfun tí ìsitáàṣì wà, wọn ò sì nílò oko fọ́ńgọ́sì kankan. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n nílò. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2023 fi hàn pé bakitéríà méjì ń bá ìdílé yìí gbé: ọ̀kan ń ṣe ohun tí wọ́n fi ń mú èèpo ara wọn le, èkejì ń ṣa náítrójìn padà láti inú ìdọ̀tí ara wọn. Nínú mọ̀lẹ́bí bakitéríà àkọ́kọ́ yẹn, tó wà lára kòkòrò kan tó ń jẹ ọkà, wọ́n ti rí i pé glyphosate tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pa koríko lè dí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ fọ́n oògùn koríko sí bẹ́ẹ̀dì o! Mò ń sọ pé ọ̀nà wà láti mú kòkòrò láìfi májèlé kun ilé, ọ̀nà náà sì gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ kọjá. Káfíńtà tó mọ ihò kan yàtọ̀ sí èkejì ti jèrè kí ó tó kúrò lọ́jà. Iṣẹ́ ta ni láti sọ fún un?

Ìkejì: kò sówó, kò sí ẹ̀rọ tó ń ka DNA. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí mò ń sọ yìí kò bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹ̀rọ yẹn. Yunifásítì Florida ní Amẹ́ríkà ní iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Backyard Bark Beetles, tí àwọn ará ìlú lásán fi ìgò mínírà àti sáńítáísà mú kòkòrò wọ̀nyí ní ẹ̀yìnkùlé wọn. Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ ni pé igi tó ń kú lọ máa ń tú ọtí jáde, òórùn ọtí ló sì ń pe kòkòrò. Ìgò Ragolis, sáńítáísà tó ṣẹ́kù láti ìgbà Kòrónà, bí kò bá sí, ògógóró. Ẹ gé ojú fèrèsé sí ẹ̀gbẹ́ ìgò, ẹ so ó mọ́ igi, ẹ padà wá lọ́jọ́ kejì. Mi ò mọ próójẹ́ẹ̀tì mìíràn tí a ti lè kọ ògógóró sínú Materials and Methods.

Ẹ fi ọtí láàbù fọ ara kòkòrò náà kí ohun tó wà níta kú, ẹ lọ̀ ọ́ nínú omi iyọ̀, ẹ tàn án sórí ágà. Ẹ mú ohun tó bá hù lọ sórí ágà tí kaféènì nìkan jẹ́ oúnjẹ rẹ̀; èyí tó bá yè níbẹ̀ ń jẹ kaféènì. Ẹ mú un lọ sórí ágà tí kò ní náítrójìn. Ẹ mú un lọ sórí èyí tó ní cellulose, kí ẹ da Congo red lé e, kí ẹ wo ibi tó mọ́. Ẹ gbìn ín dojú kọ fọ́ńgọ́sì tó ń sọ pákó arère di aláwọ̀ aró, kí ẹ wo ẹni tó máa fà sẹ́yìn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ju ohun tí láàbù tó ń ṣe dóńgóyárò lè ṣe lọ. Iná tí wọ́n ń mú lọ nídìí dóńgóyárò náà ni wọ́n máa mú lọ nídìí èyí. Ẹ ṣọ́ra nìkan: kì í ṣe gbogbo ohun tó bá hù lórí ágà ló ń ṣiṣẹ́ fún kòkòrò. Àwọn kan kàn bá oúnjẹ wọlé ni, bí èrò tó wọ mólúè láìmọ ibi tó ń lọ. Láti ya òṣìṣẹ́ kúrò lára èrò, iṣẹ́ náà gan-an nìyẹn.

Ìkẹta ló wúwo jù, òun la sì máa ń sọ ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: súpáfáísọ̀ ló fún mi lákọlé. Èmi náà ọmọ Yorùbá ni, mo mọ̀ pé ọmọdé kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ fún ara wa nípa ìdí tí àkọlé kan náà fi ń padà wá. A ti mọ ìdáhùn rẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ewé máa pa bakitéríà díẹ̀, owó náírà máa dọ̀tí, píọ́ wọ́tà kan máa ní ohun tí kò yẹ kó ní. Kò sẹ́ni tó máa kùnà, kò sẹ́ni tó máa pẹ́ jáde, kò sì sẹ́ni tó máa mọ ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó tẹ́ olùkọ́ lọ́rùn, ó tẹ́ àwa náà lọ́rùn, èyí ló sì burú níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ wa ló ti rẹ̀ láti máa ka ìwé kan náà lọ́dọọdún. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbé ojú ìwé méjì péré lọ bá wọn, tó fi ọ̀wọ̀ sọ pé, ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ jọ̀wọ́ mà, mo rí ohun kan nínú gẹdú, kò ní pàdánù nǹkan kan. Kó mú ọmọ zoology kan dání. Ògiri tó wà láàárín ẹ̀ka méjèèjì wà nínú ìwé àfọwọ́kọ nìkan. Kò sí nínú ìfun kòkòrò.

Ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ pé ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ti òyìnbó mọ̀ pé wọ́n ti ṣe apá kan rẹ̀ lórí ilẹ̀ wa rí. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n ní ẹ̀ka ìwádìí kan ní Kumasi fún kòkòrò tó ń lu gẹdú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 1954 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó ní Ìbàdàn tó di FRIN lónìí. Ní ọdún 1969, H. Roberts tẹ ìwé nípa kòkòrò inú igbó Nàìjíríà jáde ní Oxford, àwọn tó ń lu igi wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìbéèrè tó bí i: gẹdú tí wọ́n ń kó lọ sí Liverpool ní ihò, ihò ń dín owó rẹ̀ kù, kòkòrò wo ló lù ú? Ìbéèrè oníṣòwò ni. Ó dáhùn orúkọ kòkòrò, ó sì dúró síbẹ̀, nítorí orúkọ ni oníṣòwò nílò. Ìbéèrè tó kù, pé àwọn wo ni wọ́n jọ ń gbé nínú ihò yẹn, kí ni wọ́n ń ṣe fún ara wọn, báwo ni igi tó wó sínú igbó Oǹdó ṣe ń padà di ilẹ̀ tí igi mìíràn lè hù lórí rẹ̀, kò sí èrè rẹ̀ ní èbúté Liverpool. Èrè rẹ̀ wà níbí. Bí kò bá sí kòkòrò tó ń ṣí ilẹ̀kùn igi tó kú fún bakitéríà àti fọ́ńgọ́sì, òkú igi ì bá kún inú igbó, oúnjẹ ilẹ̀ á sì há sínú wọn.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ẹ máa ń bi wá nínú ìpàdé pé kí ni ẹ lè ṣe fún ẹ̀ka. Ẹ ti ra àga. Ẹ ti kun ògiri. Ọ̀pọ̀ yín wà ní láàbù ní Houston, ní Leeds, ní Tübingen, níbi tí ẹ̀rọ tó ń ka DNA wà lórí tábìlì tí ẹ ń kọjá lẹ́bàá rẹ̀ lójoojúmọ́. Kí àwa mú kòkòrò, kí a ya bakitéríà rẹ̀ sọ́tọ̀, kí a kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀. Kí ẹ̀yin bá wa ka orúkọ rẹ̀, kí orúkọ ọmọ tó mú un sì wà lórí ìwé tó bá jáde, kì í ṣe nínú ọpẹ́ ìparí. Mo tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ọpẹ́ ìparí yẹn nítorí ẹ mọ bó ṣe máa ń rí.

Wọ́n máa pín àkọlé tuntun láìpẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí a jọ ṣe é, kó kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ níbí, kó sì sọ ẹ̀ka tó wà. Ìgò mẹ́fà ti wà lọ́wọ́ mi. Ògógóró ló kù.